Dìrẹ̀kìtọ̀ Ọkọ̀ Omi àti Ẹ̀bà Inú Irin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ ojú omi nílò omi. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ò tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira, wọ́n dá Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi kan sílẹ̀ láti máa kó èrò àti ẹrù gba orí odò Wẹ̀mẹ̀, wọ́n sì fi Rogatien Àlàgbé ṣe Dìrẹ̀kìtọ̀ rẹ̀. Rogatien wo odò, ó rí i pé ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀. Ó wo Adja-Ouèrè, ó rí i pé ibẹ̀ ni ilé tí òun ń kọ́ wà. Ó bá gbé Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi lọ sí Adja-Ouèrè, sórí ilẹ̀ pupa, láàárín oko ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́, níbi tí omi tó jìn jù lọ jẹ́ ti inú kànga.

"Ọkọ̀ ni yóò máa tọ ọ̀gá wá," ló wí. "Ọ̀gá kì í tọ ọkọ̀ lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi lọ́rì gbé ọkọ̀ ojú omi gun òkè wá fún àyẹ̀wò, tí wọ́n á tún fi lọ́rì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó wà láyé, tiwa ló mọ ọ̀nà ilẹ̀ jù.

Dìrẹ̀kìtọ̀ Rogatien ga, ó sanra, ó sì ń wọ ṣòkòtò funfun, ẹ̀wù funfun, àti fìlà atukọ̀ funfun tí wọ́n fi okùn wúrà yí etí rẹ̀ ká. Kò mọ omi í wẹ̀. Ká sòótọ́, ó bẹ̀rù omi débi pé ìdajì korobá ló fi ń wẹ̀ láràárọ̀, ó sì máa ń di ògiri mú.

Félicien ni akọ̀wé rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni kó máa kọ̀wé. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa gbà fún ọ̀gá. Bí Dìrẹ̀kìtọ̀ bá sín, Félicien á pàtẹ́wọ́: "Sísín ọlọ́gbọ́n!" Bí Dìrẹ̀kìtọ̀ bá kọsẹ̀, á ní: "Ìkọsẹ̀ ọlọ́gbọ́n!" Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀:

"Félicien!"

"Mùsíè Dìrẹ̀kìtọ̀! Ìmọ́lẹ̀ orí odò!"

"Ṣé òjò fẹ́ rọ̀ lónìí?"

"Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ọ̀gá mi."

"N kò fẹ́ ẹ."

"Kò ní í rọ̀, ọ̀gá mi."

Òjò rọ̀. Félicien ní òjò yẹn kì í ṣe ará ibí.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà ní ilé-iṣẹ́ náà: Ràṣídì, mẹkáníìkì, ọmọ ìlú Massè. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ẹnu rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun kan dé. Dìrẹ̀kìtọ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó rí i: Rogatien Kìíní. Ọkọ̀ náà tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì náà, irin kan wà tó dà bí ọwọ́ oníka mẹ́rin. Ìka kọ̀ọ̀kan ń gba èéfín gbígbóná, àtẹ́lẹwọ́ á kó o pọ̀, á sì tú u síta lẹ́yìn ọkọ̀. Kólẹ́tọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí kólẹ́tọ̀ bá là, èéfín kò ní í lọ síta mọ́. Abẹ́ àtíbàbà ni yóò máa wọ̀, níbi tí èrò jókòó sí. Ní ọdún tó ṣáájú, irú èéfín bẹ́ẹ̀ mú onígàrí mẹ́ta dákú láàárín odò. Omi tútù ni wọ́n fi jí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Àsíátù, ìyá Ràṣídì. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí Ràṣídì yẹ kólẹ́tọ̀ wò, kì í fi ojú lásán wò ó.

Ó tú u sílẹ̀. Ó fi pátákó irin àti rọ́bà dí gbogbo ẹnu rẹ̀, ó fi ihò kékeré kan sílẹ̀, ó sì so pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Ó rì í sínú báàfù omi ńlá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní afẹ́fẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Dìrẹ̀kìtọ̀ wọlé, Félicien lẹ́yìn rẹ̀.

"Pù-pù-pù," ni omi wí.

Dìrẹ̀kìtọ̀ dúró. "Ta nìyẹn?"

"Irin ni, ọ̀gá," Ràṣídì dáhùn.

"Níwájú mi?"

"Ó là ni, ọ̀gá. Ní ìdí ìka kẹta. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde."

Dìrẹ̀kìtọ̀ rọra yíjú. "Félicien, ṣé irin yìí ń só níwájú mi?"

Félicien fi ìwé bo imú. "Ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni, ọ̀gá mi."

"Ẹ fún un ní ìkìlọ̀."

Félicien kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé mò ń purọ́: ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí irin, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara báàfù.

Ràṣídì nu ọwọ́. "Ọ̀gá, ká kọ̀wé kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni yóò gbà kó tó ti ìlú òyìnbó dé."

"Oṣù mẹ́ta! Aṣojú Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí ọkọ̀ yìí ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀!" Dìrẹ̀kìtọ̀ tún fìlà dé, ó na àyà, ó sì gbé ohùn tó fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ orílẹ̀-èdè! Láyé àwọn òyìnbó, irin ń là. Mo gbà. Ìyà ló ń jẹ irin nígbà náà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè olómìnira, irin rẹ̀ kì í là! Kí ló yẹ kí irin olómìnira máa là fún? Kí ló ń dùn ún?"

"Kí ló ń dùn ún!" Félicien pariwo.

"Ràṣídì, da omi inú báàfù nù."

Ràṣídì dà á nù.

"Gbé irin síbẹ̀. Fún un ní afẹ́fẹ́."

Ràṣídì fún un ní afẹ́fẹ́ nínú báàfù gbígbẹ. Gbogbo wọn tẹ́tí.

"Ṣé ẹ rí i kí omi hó?"

"Rárá, ọ̀gá mi," ni Félicien wí.

"Ó yege! Omi yẹn ni oníwàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ràṣídì, fọwọ́ síwèé."

Ìwé náà sọ pé mẹkáníìkì ti yẹ kólẹ́tọ̀ wò, kò sì rí ibi tó là. Ràṣídì wò ó, kò gba gègé.

"Ọ̀gá, ìyá mi àti àwọn onígàrí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ yìí."

"Ìyá rẹ á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Bó bá jí, ọ̀gá."

Félicien wo ojú ọ̀gá kó tó mọ̀ bóyá kó bínú. Ọ̀gá bínú. Félicien náà bínú.

"Bí o kò bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ ọjà, níwájú Aṣojú," Dìrẹ̀kìtọ̀ wí, "kó àpótí irinṣẹ́ rẹ, kó o padà sí oko ẹ̀gẹ́ ní Massè."

Ṣùgbọ́n lẹ́tà dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Aṣojú Mínísítà kọ̀wé pé òun fẹ́ fojú ara òun rí àyẹ̀wò kólẹ́tọ̀. Nínú omi. Ó fa ìlà sábẹ́ "omi".

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni Dìrẹ̀kìtọ̀ ò fi lè jẹun dáadáa. Abọ́ ẹ̀bà méjì péré ló jẹ. Félicien gbé àwo àná láti kó o kúrò. Ẹ̀bà díẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó gbọ̀n ọ́n, kò jábọ́. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbá a mọ́ igi tábìlì. Àwo fọ́, ẹ̀bà kò kúrò.

"Gàrí ta nìyẹn?" Dìrẹ̀kìtọ̀ bi í.

"Ti Ìyá Ràṣídì ni, ọ̀gá mi. Bó ṣe máa ń polówó ni: 'Gàrí Massè! Ó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ó ń lẹ̀ mọ́nú!'"

Dìrẹ̀kìtọ̀ dìde díẹ̀díẹ̀. "Félicien. Kí lo rí lára àwo yẹn?"

"Ohun tí ẹ bá rí, ọ̀gá mi."

"Mo rí ìmọ̀ ẹ̀rọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ lè ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ ṣe sùúrù. Àwọn ò mọ̀ ní tiwọn. Wọ́n tẹ ẹ̀bà gbígbóná, ó le dáadáa. Wọ́n fi ṣíbí kì í sínú ibi tó là, wọ́n kì í láti inú, wọ́n kì í láti òde. Wọ́n sá a sóòrùn ọjọ́ méjì. Wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kólẹ́tọ̀ ń dán bí eyín ìyàwó tuntun.

Ràṣídì dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó bá ewúrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń lá a.

Ó dúró, ó ronú. Ewúrẹ́ ń jẹ ewé, ewúrẹ́ ń jẹ ìwé, ó tilẹ̀ ti rí èyí tó jẹ fìlà. Ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó ń lá irin. Ó lé wọn, ó fi èékánná họ ibẹ̀ díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mọ òórùn náà. Òun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di Massè. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń yan gàrí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àsíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ahéré mú.

"Gàrí mi? Nínú ẹ́ńjìnnì?"

"Gàrí yín, ìyá."

"Áà! Wọ́n ti wá mọyì rẹ̀!" Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ló rántí bí odò ṣe ń yí lójú òun ní ọdún tó kọjá, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Nígbà tó bá gbóná ńkọ́?"

"Yóò tú. Èéfín á wọ abẹ́ àtíbàbà. Ẹ má wọ ọkọ̀ náà, ìyá."

"Bí n kò bá wọ̀ ọ́, àwọn ará Kpoulou á wọ̀ ọ́. Gbogbo èèyàn kọ́ ló bí mẹkáníìkì. Sọ fún Aṣojú."

"Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́? Nínú omi tútù, ẹ̀bà yẹn á dákẹ́."

Fágbèmí adẹ́mu sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, kèrègbè ẹmu léjìká. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń dúró dè é súnmọ́. Ó bu ẹmu, ó kọ́kọ́ gbé e mu fúnra rẹ̀, kó tó bù fún wọn. Àsíátù kì í mu ẹmu, ṣùgbọ́n ó ń wò ó, ó sì ń wò ó.

"Fágbèmí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìwọ lo kọ́kọ́ mu?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí mo bá ṣubú, wọn ò ní í mu ún."

Àsíátù gbọn eérú kúrò lára ìró. "Ó tán," ló wí. "Ràṣídì, padà síbi iṣẹ́. Má sọ nǹkan kan. Ìwọ sáà jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà gbóná dáadáa."

Ọjọ́ ọjà pé. Wọ́n gbé Rogatien Kìíní lé ìtì ọ̀pẹ mẹ́rin lórí pápá ilé-ìwé, níbi tí omi jìnnà sí jù lọ ní gbogbo ìlú. Àwọn ará Ikpinlè wá, àwọn ará Kpoulou wá, àwọn onígàrí Massè tò pẹ̀lú ẹrù wọn. Aṣojú Mínísítà jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ gíláàsì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí dára, nítorí Dìrẹ̀kìtọ̀ sọ ti àwọn méjèèjì.

"Kí la fi ń mọ orílẹ̀-èdè ńlá?" ó ké. "Ọkọ̀ omi ni! Kí la fi ń mọ ọkọ̀ omi ńlá? Dìrẹ̀kìtọ̀ rẹ̀ ni! Bí òkun bá gbọ́ orúkọ mi, ó ń fà sẹ́yìn!"

"Ó ti fà sẹ́yìn títí dé etí òkun!" Félicien wí.

Wọ́n gbé báàfù omi jáde. Ràṣídì ri kólẹ́tọ̀ sínú rẹ̀, ó fún un ní afẹ́fẹ́. Gbogbo pápá tẹ́tí. Omi kò mira.

"Ẹ wò ó!" Dìrẹ̀kìtọ̀ fò sókè. "Jẹ́ẹ́! Irin tó mọ̀wà hù! Irin tí a kọ́lẹ́kọ̀ọ́!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ràṣídì dè é padà mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì na gègé sí i kó fọwọ́ síwèé. Kò gbà á.

"Omi tútù ti dán an wò," ló wí. "Iná kò tíì dán an wò."

Dìrẹ̀kìtọ̀ ya ẹnu láti lé e lọ sí Massè, ṣùgbọ́n Massè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àsíátù jáde láàárín èrò, ó kúnlẹ̀, ó kí Aṣojú.

"Ẹ kú ìrìnnà, bàbá. A dúpẹ́ fún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n níbí, ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọkọ̀ yìí, Dìrẹ̀kìtọ̀ wa ló gbé e wá."

"Tọ́ ọ wò!" Fágbèmí kígbe láti ẹ̀yìn.

"Tọ́ ọ wò! Tọ́ ọ wò!" ni gbogbo pápá gbà.

Aṣojú tún gíláàsì ṣe. "Àṣà tó dára ni. Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó láti sọdá odò?"

"Ìdajì wákàtí, bàbá."

"Ẹ jókòó fún ìdajì wákàtí, Mùsíè Dìrẹ̀kìtọ̀. Lábẹ́ àtíbàbà. Lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, níbi tí àwọn ìyá wọ̀nyí ń jókòó sí."

Òógùn bọ́ sílẹ̀ láti inú fìlà wúrà. "Félicien," Dìrẹ̀kìtọ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "lọ bá mi jókòó."

Félicien wo ẹ́ńjìnnì. Ó wo ọ̀gá. Ọdún méjì ló ti fi ń gbà.

"Rárá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, ọ̀gá mi."

Dìrẹ̀kìtọ̀ gun àkàbà. Ó jókòó. Ràṣídì ti ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi ìtutù bọ inú àgbá omi kan, ó yí ẹ́ńjìnnì. Tọ-tọ-tọ-tọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún: Dìrẹ̀kìtọ̀ ń juwọ́ sí èrò bí ẹni tó ń lọ sí Faransé.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Aṣojú gbé imú sókè. "Ta ló ń yan gàrí níbí?"

"Òórùn ìlọsíwájú ni!" Dìrẹ̀kìtọ̀ ké láti inú ọkọ̀.

Aṣojú gbé itọ́ mì. "Ìlọsíwájú yẹn ń fẹ́ ẹja díndín."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ewúrẹ́ mẹ́ta yẹn dé, wọ́n tò sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n gbójú sókè. Ọ̀dà fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń bó. Èéfín dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ àtíbàbà, ó ń bá Dìrẹ̀kìtọ̀ ṣeré nímú.

"Ẹ má fòyà," Dìrẹ̀kìtọ̀ wúkọ́. "Orílẹ̀-èdè olómìnira," ó wúkọ́, "irin rẹ̀ kì í..."

"Pù," ni nǹkan kan wí.

Gbogbo pápá na ọrùn.

"Ta nìyẹn?" Aṣojú béèrè.

Dìrẹ̀kìtọ̀ wo ìdí ìka kẹta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òótọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Irin ni," ló wí.

GBÀÀ! Ẹ̀bà fò! Òkèlè kan gbé fìlà wúrà lọ sórí òrùlé ilé-ìwé. Òkèlè kejì lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀wù funfun bí àmì ẹ̀yẹ. Èéfín bo gbogbo rẹ̀, omi àgbá tú dà lé e lórí, Dìrẹ̀kìtọ̀ sì já bọ́ láti inú ọkọ̀ sórí koríko. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í na apá, tó ń ta ẹsẹ̀.

"Mò ń rì!" ló ń ké. "Ẹ gbà mí! Mò ń rì o!"

Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà. Ewúrẹ́ kan dúró tì í, ó ń lá a láyà.

Àṣà burú. Ẹnu Félicien ya kó tó mọ̀: "Rírì ọlọ́gbọ́n!"

Òkèlè kékeré kan ti bà sí ètè Aṣojú Mínísítà. Ó fi ahọ́n kàn án, ó rò ó díẹ̀.

"Kò níyọ̀," ló wí. Ó sì yíjú sí Ràṣídì. "Mú ìwé yẹn wá. Kọ ohun tí o rí síbẹ̀."

Ràṣídì gba gègé. Ọ̀rọ̀ méjì ló kọ: "Ó là."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kólẹ́tọ̀ tuntun ti ìlú òyìnbó dé. Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi náà ti kó lọ sí etí odò, bí ó ti yẹ láti àtètèkọ́ṣe, Ràṣídì sì ni olórí ibi iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Félicien wà níbẹ̀. Ó ń gbà fún Ràṣídì báyìí, Ràṣídì sì ní kó lọ máa ká rọ́bà. Rogatien ńkọ́? Ìjọba yí, ó tún yí, ó yí títí àwọn sójà fi dé pẹ̀lú Rẹfolúṣọ̀n wọn. Kò sí ìjọba tó lé e kúrò níbi iṣẹ́, nítorí àwọn onígàrí kò gbà. Wọ́n ní àwọn ò ní í wọ ọkọ̀ kankan tí Rogatien kò bá kọ́kọ́ jókòó sí ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lọ àti bọ̀, láti etí odò kan dé èkejì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn títí dòní. Kò sí fìlà wúrà níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé etí odò lówùúrọ̀, ẹ ó rí ọkùnrin sísanra kan tó lóṣòó ti báàfù omi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, tó dorí kodò, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.

"Ràṣídì, ọmọ bàbá mi, ká tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

"A ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló kù. Mo bẹ̀ ọ́."

Àsíátù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró pẹ̀lú ẹrù gàrí, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó tún fún pọ́ǹpù. Omi dákẹ́. Omi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti ìdí ìka kejì:

"Pù."

Rogatien ṣí fìlà tí kò dé, ó sì tẹríba fún irin náà.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni, ọ̀gá mi."